OMI PÚÙLÙ RÚ, WỌ́N GÉ OWÓ OṢÙ: ẸJỌ́ TA NI?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lóṣù yìí kan gbogbo ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtura ní ilẹ̀ Yewa, láti Ìlaròó títí dé Ayétòrò, láti Ọjà-Ọ̀dàn títí dé Ìdí-Ìrókò. Ó kan ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ jù lọ, èyí tí tọmọdé-tàgbà ń pè ní púùlù.

Ó ti di àṣà àwọn ọ̀gá kan pé nígbà tí wọ́n bá ní kí a da oògùn sí púùlù, tí ilẹ̀ mọ́, tí omi náà rú, tí ó funfun bí omi ògì, wọn kì í béèrè ohun tí ó ṣe omi. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n máa ń pè. Wọn a ní ọ̀lẹ ni, wọn a ní ó jí oògùn tà, wọn a sì gé owó oṣù rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa láìpẹ́ yìí ní ilé ìtura kan tí a kò ní dárúkọ. Ọ̀gá ní kí ó da odindi garawa kiloríìnì kan sí omi ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, nítorí pé àwọn onígbèéyàwó ń bọ̀ ní Sátidé. Ó dà á bí wọ́n ti wí. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ kí pọ́ǹpù lè ṣiṣẹ́ mọ́jú, wọ́n ní dísẹ́ẹ̀lì wọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, omi ti dàbí mílíìkì. Wọ́n yọ ₦15,000 nínú owó oṣù rẹ̀, wọ́n sì tún fi ìwé ìkìlọ̀ lé e lọ́wọ́.

Àwa kò gbà. Ohun tí a fẹ́ kí ó yé tọ̀gá-tòṣìṣẹ́ ni èyí: omi tí ó rú lẹ́yìn tí a ti da oògùn sí i ń sọ ohun tí ó ń ṣe é. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ yóò dán omi náà wò, yóò wo asẹ́, yóò wo pọ́ǹpù. Gígé owó òṣìṣẹ́ kò ì tí ì mú omi kankan mọ́ rí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

OHUN TÍ ÀWỌN ÌYÁ WA TI MỌ̀ TIPẸ́

Kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ púùlù sí ilẹ̀ yìí ni àwọn ìyá wa ti mọ bí a ti ń mú omi mọ́. Bí òjò bá rọ̀, tí odò rú, wọn a pọn omi náà sínú ìkòkò, wọn a fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ rò ó, wọn a sì dé e. Wọn kò ní jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹrẹ̀ a wálẹ̀, omi a tòrò lókè, wọn a rọra bu ti òkè, wọn a sì da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ nù. Ọ̀rọ̀ "tòrò" yìí náà ni ó wà nínú orúkọ Ayétòrò. Ohun tí a bá ń rò pọ̀ ní gbogbo ìgbà kì í tòrò, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe ìlú.

Ẹ wo ohun mẹ́ta tí ìyá yìí ṣe. Èkíní, ó wọn oògùn rẹ̀. Èkejì, ó fún omi ní àkókò. Ẹ̀kẹta, ó kó ìdọ̀tí jáde. Bí ẹ bá mú ọ̀kan kúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, omi kò ní mọ́. Kiloríìnì a máa pa kòkòrò àti ẹ̀gbin aláwọ̀ ewé tí ó ń yọ̀ ní ara ògiri púùlù. Ṣùgbọ́n òkú ẹ̀gbin náà ń bẹ nínú omi síbẹ̀, ó ti di lẹ́búlẹ́bú. Álọ́ọ̀mù a máa so ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ pọ̀ kí ó lè wúwo, ṣùgbọ́n kò ní agbára láti gbé e jù sóde. Asẹ́ àti ọwọ́ ènìyàn ni ó ń ṣe ìyẹn. Ọ̀gá tí ó bá ra oògùn, tí kò ra dísẹ́ẹ̀lì, dàbí ẹni tí ó ra ọṣẹ tí kò pọn omi.

ÀWỌN OHUN TÍ Ó Ń MÚ OMI RÚ

Ẹ jẹ́ kí a kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ó bá fẹ́ jiyàn lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni pọ́ǹpù tí a kò tan. Ẹ mú púùlù tí ó gùn ní mítà 20, tí ó fẹ̀ ní mítà 10, tí jíjìn rẹ̀ sì tó mítà kan àbọ̀ bí a bá pín in dọ́gba. Omi inú rẹ̀ jẹ́ lítà 300,000. Ó yẹ kí gbogbo omi yìí gba inú asẹ́ kọjá, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan láàrin wákàtí 8. Ẹ̀ẹ̀kan kò sì tó fún omi tí ó ti rú, nítorí pé omi mímọ́ tí ó ń jáde láti inú asẹ́ tún ń padà lọ pàdé èyí tí kò mọ́. Omi tí ẹ̀gbin ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sínú rẹ̀ lè gbà tó ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lórí pọ́ǹpù kí ó tó mọ́ gaara. Ilé ìtura tí ó ń tan pọ́ǹpù fún wákàtí méjì, tí àlejò bá wà nìkan, ti pinnu pé kí omi òun rú. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ni ó pinnu rẹ̀.

Èkejì ni asẹ́. Nínú àgbá asẹ́ yìí, yanrìn ni ó ń di ìdọ̀tí mú. Bí ìdọ̀tí bá ti pọ̀ nínú yanrìn, aago tí ó ń ka ipá omi lórí àgbá náà yóò gòkè. Bí ó bá ti fi nǹkan bí 8 sí 10 psi ju iye tí ó ń kà nígbà tí asẹ́ mọ́, ó tó àkókò láti darí omi gba ẹ̀yìn, kí ó fọ yanrìn náà, kí a sì da omi ìfọsẹ́ sóde. Púpọ̀ nínú àgbá asẹ́ tí a ń bá pàdé ni aago rẹ̀ ti fọ́ láti ọdún pípẹ́. Yanrìn inú wọn ti dì bí òkúta, tàbí kí ó ti là sí méjì, tí omi ń gba àárín rẹ̀ kọjá láìfi ohun kan sílẹ̀. Asẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ nǹkan kan. Òṣìṣẹ́ ha ni yóò ra yanrìn bí?

Ẹ̀kẹta ni ohun tí wọ́n ń pè ní pH, èyí tí ó ń fi hàn bí omi bá kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí bí ó bá yọ̀ bí omi eérú. Ó yẹ kí ti púùlù wà láàrin 7.2 sí 7.8. Bí ó bá wà ní 7.5, nǹkan bí ìdajì kiloríìnì tí a dà sí omi ni ó wà ní ipò tí ó lè pa kòkòrò kíákíá. Bí ó bá gòkè dé 8, kì í ju nǹkan bí ìdámẹ́rin lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó ń da kiloríìnì sí omi tí pH rẹ̀ ti ga ń da owó sódò. Lẹ́búlẹ́bú kiloríìnì oníkálísíọ́ọ̀mù, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́dọ̀ wa, fúnra rẹ̀ sì tún máa ń gbé pH sókè. Bí wọ́n ti ń dà á ni omi ń rú, bí omi ti ń rú ni wọ́n ń dà á.

Ẹ̀kẹrin kan ilẹ̀ tiwa gan-an. Òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì wà lábẹ́ apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ yìí. Òun ni ó mú ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì wá sí Ewékorò ní 1960, òun náà ni ó mú wọn dé Ibese ní Àríwá Yewa ní 2012. Omi kànga ẹ̀rọ tí ó bá gba àárín òkúta bẹ́ẹ̀ kọjá a máa kó ẹfun dání láìjẹ́ pé ojú rí i. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nípa pé ọṣẹ kì í tètè hó nínú rẹ̀, ìpẹ́ funfun a sì máa lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùrù. Bí ẹ bá da oògùn oníkálísíọ́ọ̀mù tàbí sódà púpọ̀ sí irú omi bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹfun tí ó fara pamọ́ yóò jáde, omi yóò sì funfun bí mílíìkì láàrin wákàtí díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìdọ̀tí rárá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ bu omi púùlù náà sínú ife, ẹ kán fínígà díẹ̀ sí i. Bí ó bá mọ́, ẹfun ni. Pípọ̀ sí i kiloríìnì kò lè wò ó sàn. Dídín pH kù díẹ̀díẹ̀ àti títan pọ́ǹpù ni ìwòsàn rẹ̀. Omi kànga mìíràn sì wà tí ó ní irin nínú. A mọ́ gaara nígbà tí a bá fà á, ṣùgbọ́n bí kiloríìnì bá ti kàn án, a pọ́n bí irin tí ó dógùn-ún. Ta ni ó yàn ibi tí wọ́n gbẹ́ kànga sí? Ṣé òṣìṣẹ́ ni?

Ẹ̀karùn-ún ni álọ́ọ̀mù tí a lò ní ìlòkulò. Bí a bá da álọ́ọ̀mù sí púùlù, a ní láti pa pọ́ǹpù, kí omi dúró jẹ́ẹ́ mọ́jú, bí ìkòkò ìyá wa. Ní òwúrọ̀, a ó fi ọ̀pá ìfàdọ̀tí fa ohun tí ó wà nísàlẹ̀ tààrà sí gọ́tà. A kò gbọdọ̀ fà á gba inú asẹ́, nítorí pé yóò dí yanrìn, yóò sì tún padà sínú omi. Bí álọ́ọ̀mù bá pọ̀ jù, tàbí tí pH kò bá dára, òun fúnra rẹ̀ yóò máa léfòó bí ìkúùkù. Ọ̀gá tí ó bá ní kí òṣìṣẹ́ da álọ́ọ̀mù ní aago márùn-ún ìdájí kí àwọn àlejò lè wọ omi ní aago mẹ́wàá kò mọ ohun tí ìyá rẹ̀ mọ̀.

Ẹ̀kẹfà ni òórùn tí ó ń ta ojú. Bí àlejò bá ní ojú ń ta òun, ọ̀gá a pariwo pé òṣìṣẹ́ da kiloríìnì púpọ̀ jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́. Òógùn ara àti ìtọ̀ tí àwọn ènìyàn ń tọ̀ sínú omi ni ó pàdé kiloríìnì tí kò tó, tí wọ́n wá di ohun mìíràn tí ó ń rùn, tí ó ń ta ojú. Kí àlejò wẹ̀ kí ó tó wọ púùlù ni àkọ́kọ́ ìwòsàn rẹ̀. Ilé ìwẹ̀ mélòó ni ó ní omi lẹ́bàá púùlù yín, ẹ̀yin ọ̀gá?

Ohun kan wà tí ó borí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, òun ni àìwọn oògùn. Nínú púùlù lítà 300,000 tí a mẹ́nu bà, nǹkan bí gíráàmù 460 lẹ́búlẹ́bú kiloríìnì tí agbára rẹ̀ jẹ́ 65 nínú 100 ni yóò gbé kiloríìnì inú omi sókè ní mílígíráàmù kan sí lítà kan. Iye tí púùlù ń fẹ́ lójoojúmọ́ wà láàrin mílígíráàmù 1 sí 3. Bí ọ̀gá bá ní kí a da kílò 10 sí i lẹ́ẹ̀kan, ó lé ní 20 mílígíráàmù nìyẹn sí lítà kọ̀ọ̀kan. Èwo ni ti ọ̀lẹ nínú èyí? Òṣìṣẹ́ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Oògùn mìíràn sì wà tí wọ́n ń rà nínú ọ̀rá tí kò ní orúkọ, tí kò ní ọjọ́, tí kò sí ẹni tí ó mọ agbára rẹ̀. Ẹni tí ó rà á ni kí ó wá sọ iye tí a ó wọ̀n.

KÌ Í ṢE ÀÌMỌ̀WÉ ARÁ OKO

Àwọn kan yóò sọ pé àwa ará ìgbèríko ni a kò mọ iṣẹ́. Irọ́ ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní Rio de Janeiro ní Brazil, púùlù tí wọ́n ti ń bẹ́ sómi di àwọ̀ ewé lójú gbogbo ayé. Àwọn tí ó ṣètò ìdíje náà wá ṣàlàyé pé wọ́n ti da lítà 80 oògùn kan tí wọ́n ń pè ní hydrogen peroxide sí omi tí ó ní kiloríìnì nínú. Oògùn kejì pa agbára oògùn kìíní, ẹ̀gbin aláwọ̀ ewé sì rí àyè hù. Fún púùlù kejì tí wọ́n ti fẹ́ ṣe ìdíje ijó inú omi, ṣe ni wọ́n fa omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n fa omi mìíràn sí i. Owó kò wọ́n wọn, ìmọ̀ kò wọ́n wọn. Oògùn tí a dà lé oògùn láìṣe ìdánwò ni ó dójú tì wọ́n. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é bí ó bá ṣẹlẹ̀ ní Ìlaròó?

OMI RÍRÚ Ń BO ÒKÚ MỌ́LẸ̀

A kò bínú nítorí owó nìkan. Ẹ̀mí ènìyàn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2011, ní ìlú Fall River ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, obìnrin ẹni ọdún 36 kan rì sínú púùlù ìjọba. Omi náà rú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí i. Ọjọ́ méjì ni òkú rẹ̀ fi wà nísàlẹ̀ omi tí wọ́n sì ṣí púùlù fún ará ìlú. Kódà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń yẹ púùlù wò dé ibẹ̀ láàrin ọjọ́ méjèèjì náà, wọn kò rí i.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Òfin iṣẹ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: bí ẹni tí ó dúró létí púùlù kò bá lè rí ihò ìfami tí ó wà níbi tí ó jìn jù lọ, ẹ ti púùlù náà pa. Ìbáà jẹ́ ọjọ́ Iléyá, ìbáà jẹ́ ọjọ́ Kérésìmesì, ìbáà jẹ́ ìgbéyàwó ọmọ olówó. Òṣìṣẹ́ tí ó bá ti púùlù pa nítorí omi rú ti gba ọmọ ọlọ́mọ là. Ìyìn ni ó tọ́ sí i, kì í ṣe ìwé ìkìlọ̀.

ARA TIWA ŃKỌ́?

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ara òṣìṣẹ́ pẹ̀lú. Nínú ìkánjú pé kí omi mọ́ kíá, wọ́n ń ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa da ásíìdì àti kiloríìnì tẹ̀ lé ara wọn, nígbà mìíràn nínú garawa kan náà. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, gáàsì kiloríìnì ni yóò jáde. Gáàsì yìí ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres ní ilẹ̀ Belgium ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915. Ohun tí a fi pa ọmọ ogun lójú ogun ni wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ máa fà símú nínú yàrá pọ́ǹpù tí kò ní fèrèsé! Bákan náà, bí lẹ́búlẹ́bú kiloríìnì oníkálísíọ́ọ̀mù bá dàpọ̀ mọ́ kiloríìnì oníhóró irú mìíràn, ó lè gbiná, ó lè bú gbàù.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bù, kí ẹ tó da oògùn sínú rẹ̀. Ẹ má ṣe da omi lé oògùn lórí. Abọ́ kan fún oògùn kan. Ẹ má gba iṣẹ́ oògùn láìsí ìbọ̀wọ́ àti ohun ìbojú. Òfin ọdún 2010 nípa owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ sọ pé kí agbanisíṣẹ́ máa san owó sí àjọ NSITF nítorí ìpalára lẹ́nu iṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀ lára owó òṣìṣẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín bí ó bá ń san án.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ NÍPA GÍGÉ OWÓ OṢÙ

Òfin Iṣẹ́ ti ilẹ̀ Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe ní 1974, là á mọ́lẹ̀ ní abala 5 pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ gé owó òṣìṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láìbìkítà, a lè yọ iye tí ó mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n aṣojú ìjọba tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní láti kọ́kọ́ fi ọwọ́ sí i nínú ìwé. Ọ̀gá kò lè jẹ́ olùpẹ̀jọ́, kí ó jẹ́ adájọ́, kí ó sì tún jẹ́ akápò nínú ẹjọ́ kan ṣoṣo. A bi àwọn tí ó gé ₦15,000 ọmọ ẹgbẹ́ wa léèrè: ìwé aṣojú ìjọba dà? Kò sí. Nítorí náà, kí wọ́n dá owó olówó padà.

BÍ WỌ́N BÁ NÍ OWÓ KÒ SÍ

A mọ ohun tí wọn yóò sọ. Wọn yóò ní dísẹ́ẹ̀lì wọ́n, iná mànàmáná kò dúró, ọjà kò tà. Òótọ́ ni pé dísẹ́ẹ̀lì wọ́n, àwa náà ń gbé ní ìlú yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Bí omi lítà 300,000 bá bàjẹ́ pátápátá tí ẹ dà á nù, táńkà onílítà 10,000 mélòó ni yóò kún un padà? Ọgbọ̀n ni! Ẹ fi owó táńkà 30 wé owó dísẹ́ẹ̀lì òru mélòó kan, ẹ fi wé owó àpótí ìdánwò omi kékeré kan. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tí ó bá ní kò sí ẹni tí yóò bá òun yẹ omi wò kò sì jìnnà sí Pólì Ìjọba Àpapọ̀ tí ó ti wà ní Ìlaròó láti 1979. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ìyẹ̀wò wà níbẹ̀, kí ó lọ bẹ̀ wọ́n.

Wọn yóò tún sọ pé ọ̀lẹ wà láàrin òṣìṣẹ́. Ó wà, bí ó ti wà láàrin àwọn ọ̀gá. Ẹgbẹ́ yìí kò ní dáàbò bo ẹni tí ó sùn tí ó yẹ kí ó fọ asẹ́, tàbí ẹni tí ó ń bu oògùn tà. Ṣùgbọ́n kí a tó mọ ọ̀lẹ, kí ẹ kọ́kọ́ fún un ní irinṣẹ́. Ẹni tí kò ní àpótí ìdánwò, tí aago asẹ́ rẹ̀ fọ́, tí wọn kò tan pọ́ǹpù rẹ̀, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè mọ̀ bóyá ó mọ iṣẹ́ tàbí kò mọ̀ ọ́n. A kì í gba ọkọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ kí a tún bú u pé kò kọ ebè.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ FÚN

Ẹ̀ka wa ń béèrè nǹkan wọ̀nyí lọ́wọ́ gbogbo onílé ìtura tí ó ní púùlù ní agbègbè yìí:

1. Kí wọ́n dá gbogbo owó tí wọ́n gé nítorí omi rú padà, kí wọ́n sì fa ìwé ìkìlọ̀ náà ya.

2. Kí àpótí ìdánwò omi wà ní ẹ̀bá púùlù kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má sì pàṣẹ oògùn láìṣe ìdánwò.

3. Kí aago asẹ́ máa ṣiṣẹ́, kí wọ́n máa pààrọ̀ yanrìn nígbà tí ó bá ti gbó, kí pọ́ǹpù sì máa ṣiṣẹ́ ní iye wákàtí tí omi nílò.

4. Kí oògùn máa wá nínú ohun tí a kọ orúkọ, agbára àti ọjọ́ sí lára, kí ìbọ̀wọ́, ohun ìbojú àti omi ìfọjú sì wà fún ẹni tí yóò dà á.

5. Kí òṣìṣẹ́ púùlù ní àṣẹ láti ti púùlù pa nígbà tí kò bá rí ìsàlẹ̀ omi, láìsí ìyà kankan.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, iṣẹ́ tiyín náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Lójoojúmọ́, ẹ kọ ọ̀nkà kiloríìnì àti pH sí i bí ẹ bá ní àpótí ìdánwò, ẹ kọ wákàtí tí pọ́ǹpù fi ṣiṣẹ́, ẹ kọ oògùn tí wọ́n ní kí ẹ dà, ìwọ̀n rẹ̀, àti orúkọ ẹni tí ó pàṣẹ. Ọjọ́ tí wọn kò bá tan jẹnẹrétọ̀, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú. Bí wọ́n bá pè yín ní ọ̀lẹ, ìwé yẹn ni yóò fèsì. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá sì tún gé owó rẹ̀, kí ó mú ìwé rẹ̀ wá bá akọ̀wé ẹ̀ka ní ọjọ́ náà gan-an. Kí ó má dá jà, kí ó má sì panu mọ́.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bí ó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ tan pọ́ǹpù yín, kí ẹ sì mú ọwọ́ kúrò nínú àpò wa.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!